Ta Ló Bẹ́ Gìtá Yìí Lórí?

Lónìí a ò ní ka álífábẹ́ẹ̀tì, a ò sì ní ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ọ̀rọ̀ gìtá ni mo mú wá. Gìtá dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé mi ní Meadowvale níbí, lẹ́bàá Toronto. Mo sì rò pé ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ lè ran òbí mìíràn lọ́wọ́, pàápàá òbí tí ọmọ rẹ̀ ń bèèrè ohun tí òun ò lóye.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú kan, à ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Abẹ́òkúta ni wọ́n wà. Àkọ́bí mi, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16, gbé fọ́tò gìtá kan síwájú fóònù kí màmá lè rí i. Gìtá tó ń wù ú láti rà ni. Gìtá oníná ni, ó dúdú, ó ń dán, kò sí igi kankan lára rẹ̀, kò sì ní orí. Ọrùn rẹ̀ kàn gùn lọ, ó sì parí lójijì, bí ìgbà tí èèyàn fi àdá gé e. Màmá tẹjú mọ́ ọn títí. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, ta ló bẹ́ gìtá yìí lórí?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ náà wà níbẹ̀, o sì fẹ́ kó gbé ohun tí kò lórí tí kò nídìí wọlé?" Mo dákẹ́. Kí n má parọ́, inú mi dùn pé màmá bá mi sọ ọ́, torí èmi pàápàá ò fẹ́ kó rà á. Ti màmá jẹ́ ti orí, tèmi jẹ́ ti owó. Àkáńtáǹtì ni mí. Kí n tó wo bí nǹkan ṣe rí, iye rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, èyí tí ọmọ yìí sì yàn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí wọ́n máa dìídì ṣe fún òun nìkan ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí màmá ò fi rẹ́rìn-ín. Ní èdè wa, orí kì í ṣe ibi tí irun ń hù sí nìkan. Ẹni tó ń ṣáájú ni olórí. Ohun rere tó bá dé bá èèyàn ni oríire. Bí nǹkan bá bọ́ sí i fún wa, a ó ní, "Orí mi ló ṣe é." Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá sì ní ìtumọ̀, a ó ní kò lórí kò nídìí. Nítorí náà, nígbà tí àgbà bá gbọ́ pé ohun kan ò lórí, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Mo sọ fún ọmọ náà pé, "Ó dáa. Màmá ti bi ọ́ ní ìbéèrè. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ni wàá fi Yorùbá dá wọn lóhùn, kì í ṣe èmi. Bí o bá lè ṣàlàyé ohun tó dé tí kò fi lórí, èmi náà á jókòó, a ó sọ̀rọ̀ owó." Mo rò pé ọgbọ́n ni mo fi ń lé ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. N kò mọ̀ pé ó máa gbé e lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń bi ìyá rẹ̀ pé, kí ni Yorùbá ń pe èyí, báwo ni màá ṣe sọ ìyẹn?

Kí n tó sọ ohun tó sọ, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Gìtá onígi ló ń lò tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo rà á fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún 13, èmi ni mo sì so ó mọ́ ògiri, lókè ibi tí hítà ti ń fẹ́ ooru jáde. Ẹ mọ bí ilé wa ṣe máa ń rí nígbà òtútù ní Kánádà. Hítà kì í sinmi, afẹ́fẹ́ inú ilé á gbẹ, ètè á bẹ́, ara á máa funfun bí ẹni tí ò fi ìpara. Igi náà máa ń gbẹ bẹ́ẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá ti ń dínkù, ó ń súnkì nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá kì í súnkì bí igi. Bí igi bá fà sẹ́yìn, ṣóńṣó irin á yọ síta bí ẹ̀gún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìn kan, nígbà tí ọmọ yìí ń múra láti lọ ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, irin náà ya á lọ́wọ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kò mọ ìtọ́jú ohun tí wọ́n fi owó rà. Nígbà tí mo gbé gìtá náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó bi mí pé níbo ni mo so ó sí. Mo sọ fún un. Ó ní afẹ́fẹ́ inú ilé ló bà á jẹ́. Ó ní ó yẹ kí ọ̀rinrin inú yàrá wà láàárín ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí mo délé, mo pe ọmọ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́. Kò rọrùn o, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń wá gìtá tí hítà ò ní lè bà jẹ́. Nítorí náà, gìtá tó gbé síwájú màmá kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lásán.

Ó di ọjọ́ Àìkú kejì. Ó jókòó síwájú fóònù, ó kí màmá dáadáa, ó sì ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ, gìtá yẹn ò lórí. Ṣùgbọ́n ó nídìí." Màmá ní, "Háà!" Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rí ohun tó ṣe? Ìdí ni ìsàlẹ̀ nǹkan, ìdí náà sì ni ohun tó fa nǹkan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi dáhùn ìbéèrè méjì.

Àlàyé rẹ̀ nìyí, èmi ni mo tún un tò. Kí ni iṣẹ́ orí gìtá? Òun ló di ẹnu okùn mú, ibẹ̀ náà ni àwọn ohun tí à ń yí láti fa okùn le wà. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ju ìyẹn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ní Brooklyn ní New York, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ned Steinberger, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán àga àti tábìlì, tí kì í sì í ṣe olórin, wò ó pé orí máa ń mú kí ọrùn gìtá báàsì wúwo, kó sì máa fà wálẹ̀. Ó yọ orí kúrò, ó sì kó gbogbo ohun tí à ń yí lọ sí ìdí gìtá. Dípò igi, ó lo fọ́nrán carbon àti ti gíláàsì, ó fi gúlúù líle lẹ̀ wọ́n pọ̀. Gìtá náà gbajúmọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ Gibson ra ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní 1987. Ẹ ò rí i pé wọn ò bẹ́ ẹ lórí? Wọ́n gbé iṣẹ́ orí lọ sí ìdí ni.

Fún ọmọ tó ń gbé Meadowvale, àǹfààní rẹ̀ kò fara sin. Gìtá náà kúrú, kò ní gbá ẹnikẹ́ni lójú nínú bọ́ọ̀sì MiWay tó kún. Lọ́pọ̀ ìgbà ó fúyẹ́ léjìká. Èyí tí wọ́n bá sì fi carbon ṣe kì í mu omi bí igi, kì í sì í gbẹ bí igi, nítorí náà kì í yí padà láàárín oṣù Kọkànlá àti oṣù Kẹrin.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti ń ta gìtá láti Ìbàdàn, kò gbà. Ó ní gìtá tí kì í ṣe igi, ike ọmọdé ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìtàn ò ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Gìtá oníná àkọ́kọ́ tó rọ́jà dáadáa, èyí tí George Beauchamp gbé kalẹ̀ tí Rickenbacker sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1932, alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn èèyàn ń pè é ní páànù ìdínran nítorí bó ṣe rí. Orí itan ni wọ́n ń gbé e lé, orin Hawaii ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní 1935, ilé iṣẹ́ kan náà tún ṣe òmíràn tí wọ́n fi Bakelite ṣe, ìyẹn irú ike líle kan. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gìtá oníná ti wà láìsí igi.

Ẹ jẹ́ kí n tún sún mọ́lé díẹ̀. Nínú ìdílé gìtá orí itan yẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní pedal steel ti wá, tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde ní 1982, Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ta pedal steel nínú rẹ̀. Ṣé ẹnì kan sọ pé jùjú kọ́ nìyẹn? Àwa náà la jó sí i. Gìtá fúnra rẹ̀, àlejò ni nílé wa, a sì fún un ní yàrá.

Ìdí tí èyí fi ṣeé ṣe rèé. Nínú gìtá oníná, píkọ́ọ̀pù ló ń gbọ́ okùn. Mágínẹ́ẹ̀tì ni, wáyà sì yí i ká. Bí okùn irin bá gbọ̀n lókè rẹ̀, iná díẹ̀ á sáré nínú wáyà náà, ẹ̀rọ agbóhùnga á sì sọ ọ́ di ohùn ńlá. Ìlù àti gìtá tí kì í lo iná ò rí bẹ́ẹ̀. Igi tí wọ́n fi gbẹ́ ìlù, irú bí igi apá, wà lára ohun tó ń dún. Títí dòní làwọn tó ń ṣe gìtá oníná ń jiyàn lórí bí igi ṣe kan ohùn rẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé kò lè dún láìsí igi.

Síbẹ̀, ohun tí kì í ṣe igi ò jọra. Alumíníọ́mù lágbára, àmọ́ ó máa ń tutù lọ́wọ́. Ó máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú un, ohùn okùn á sì yí padà. Gìtá oníke tí ojú ń là kọjá, irú èyí tí Dan Armstrong ṣe fún Ampeg ní 1969, rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ó wúwo. Carbon fúyẹ́, ó sì le, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tún gìtá ṣe ló mọ̀ ọ́n tún ṣe, kò sì rọrùn láti sọ ọ́ di tuntun bó bá bàjẹ́. Ní Netherlands, ilé iṣẹ́ Aristides máa ń da ohun kan tí wọ́n ń pè ní arium sínú mọ́ọ̀dù, ọrùn àti ara á sì jáde pọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni èmi àti ọmọ mi ti jà.

Èrò mi ni pé kí òbí má bá ọmọ jà nítorí pé gìtá ò lórí tàbí pé kò ní igi. Ohun tó yẹ kí a dá dúró ni pé kí wọ́n dìídì ṣe é fún ọmọ tí kò tíì lo irú rẹ̀ rí. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń rán aṣọ ọdún. Wọn á ní kí télọ̀ ṣẹ́ aṣọ sínú, kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ga. Gìtá tí a dà sínú mọ́ọ̀dù ò ní aṣọ nínú tí a lè tú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ igi lè fá ọrùn gìtá díẹ̀ bó bá ki jù. Bí ọrùn tí a dà bá ki jù fún ọwọ́ rẹ, o kú ìfaradà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gìtá náà jẹ́ 5,000 dọ́là Kánádà. HST ti Ontario jẹ́ 13%, ìyẹn 650 dọ́là. Àpapọ̀ rẹ̀ di 5,650, a ò tíì ka owó tí wọ́n fi máa gbé e wá. Ọ̀pọ̀ oṣù lèèyàn máa fi dúró kó tó dé. Bó bá dé tí kò sì bá ọwọ́ mu, ta ló máa rà á? Ní Yorùbá, ẹni tó ń fi ọwọ́ lu okùn ń ta gìtá, ẹni tó ń gbé e fún ẹlòmíràn gba owó náà ń ta gìtá. Mo bi ọmọ mi pé, "O mọ̀ ọ́n ta. Ṣé o máa rí i tà?" Inú bí i. Ó ní, "Dádì, owó mi ni. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ fún un." Òótọ́ ni. Ó ti fi ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn méjì kó 1,900 dọ́là jọ. N kò rí èsì gidi fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ìtàn ló gbà mí. Nínú ìtàn Ifá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan wà, Orísẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́. Wọ́n ń bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì ní láti yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ wo ojú orí, wọ́n mú èyí tó rẹwà. Wọn ò mọ̀ pé kò jinná dáadáa. Nígbà tí òjò pa wọ́n lọ́nà, orí náà ń jẹ, ó ń wó. Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ gba ìmọ̀ràn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, ó bá a níbi tó sá pamọ́ sí nítorí gbèsè, ó sì bá a san án. Àjàlá wá ràn án lọ́wọ́, ó fi ọ̀pá irin lu orí kan wò, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó ní èyí ni kó mú. Orí tí Afùwàpẹ́ gbé délé ayé nìyẹn.

Mo sọ fún ọmọ mi pé fọ́tò tó ń wò lórí fóònù, ojú orí ni. N kò sọ pé kó má yan. Kó lù ú wò kó tó yan ni mò ń wí.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù gìtá kan ní Toronto. Ó gbìyànjú mẹ́ta tí kò lórí. Mo ní kó gbé wọn kọ́ èjìká, kó dúró, kó pa ojú dé, kó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdajì wákàtí. Èyí tó rẹwà jù, tí ọrùn rẹ̀ jọ ti fọ́tò yẹn, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ní àtàǹpàkò ń dun òun. Kò wò mí lójú. Èmi náà ò sọ̀rọ̀.

Àdéhùn wa rèé. Ó ra àlòkù kan tí wọ́n fi carbon ṣe lọ́wọ́ ẹnì kan, 1,400 dọ́là. Nítorí pé ọwọ́ aládàáni ló ti rà á, kò sí HST níbẹ̀. Ọdún kan ló máa fi lò ó. Nínú ìwé kan, lédè Yorùbá, á máa kọ ohun tó bá a lára mu àti ohun tí kò bá a lára mu, bí ọrùn ṣe fẹ̀ tó, bí gìtá ṣe wúwo tó, irú okùn tó gbà, torí àwọn kan wà tí okùn wọn ò sí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bí ọdún bá pé tí ó ṣì fẹ́ kí wọ́n dìídì ṣe tirẹ̀, ìwé yẹn la ó gbé fún ẹni tó máa ṣe é. Òun á san owó gìtá, èmi á san HST. Ó ní ọdún kan ti pọ̀ jù. Mo ní kò pọ̀. A ò tíì fẹnu kò lórí ìyẹn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, a máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Bí ọmọ yín bá gbé ohun tí kò lórí wá, ẹ má tíì lé e jáde. Ẹ bi í ní ìdí rẹ̀, kó sì fi Yorùbá sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ lù ú wò. Tó bá wá ku owó, ẹ ṣírò rẹ̀ níwájú rẹ̀, kó mọ̀ pé owó lẹ̀ ń rò, pé ẹ ò kórìíra ohun tó fẹ́ràn.

Ní ti màmá, wọ́n gbọ́ gìtá náà lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ó dùn. Wọ́n wá fi kún un pé, "Ọkọ mi, bí gìtá ò bá ti lórí, ìwọ tí o ń ta á ni kó o lórí o."

Ó yá, ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́ lónìí rèé. Ẹ kà á sókè, ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn kan:

Orí: òkè ara èèyàn tàbí òkè nǹkan, ohun tí èèyàn yàn wá sáyé.
Ọrùn: ohun tó so orí mọ́ ara. Gìtá náà ní ọrùn.
Ìdí: ìsàlẹ̀ nǹkan, ohun tó fa nǹkan.
Okùn: ohun gígùn tí à ń fi so nǹkan, ohun tó ń dún lára gìtá.
Ta: ta gìtá bí olórin, ta gìtá bí oníṣòwò.

Ìbéèrè fún yín: Kí ni màmá rò pé wọ́n ṣe fún gìtá náà? Kí ló ba gìtá onígi jẹ́? Ta lẹ rò pé ó jàre lórí ọ̀rọ̀ ọdún kan, èmi ni tàbí ọmọ mi? Ẹ fi Yorùbá dáhùn, kì báà ṣe gbólóhùn méjì péré. Mo ti mọ èyí tí ọmọ mi máa mú.

Ó dìgbà o. Ẹ má gbé gìtá yín sí ẹ̀gbẹ́ hítà.